Epo Ẹ̀rọ, Epo Ẹja

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ yìí
lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yẹ́, ní Ìkọ̀lé.
Mo mọ ohùn rẹ̀ bí abiyamọ ṣe mọ ikọ́ ọmọ.
Bó bá fo ojú ìrán kan, bó bá já òwú,
etí mi á ti gbọ́ kí ojú mi tó rí i.

Nítorí náà, lóru ọjọ́ tí àyà mi fo ojú kan,
mo gbọ́.
Tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, ó dákẹ́. Tẹ̀tẹ̀tẹ̀. Ó tún dákẹ́,
bí ọmọṣẹ́ tuntun tí kò tíì mọ ẹsẹ̀ tẹ̀.
Mo nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo ń wá ẹni tí n ó jí.
Ìbírónkẹ́ ti sùn sí Ìlasà láti ìgbà òjò èṣí.

Ọkàn yìí kúkú ti ṣàárẹ̀ tẹ́lẹ̀:
ọdún kẹta rèé tí iṣan kan nínú rẹ̀ dí,
tí wọ́n gbé mi dé Ìdó (Ùdó, bí àwa ṣe ń pè é)
tí mo ṣì di ṣòkòtò oníṣòkòtò mú lọ́wọ́.
Morẹ́nikéjì ọmọ mi gbọ́ ọ ní ìlú òtútù,
ó fi ìgò kan ránṣẹ́: epo ẹja,
hóró rọ̀bọ̀tọ̀ rọ̀bọ̀tọ̀, ó ń dán bíi bọ́tìnnì wúrà.
"Bàbá, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Fún ọkàn yín ni."
Èmi sì rò ó bí télọ̀ ṣe ń rò:
ẹ̀rọ tó bá ń ké, epo là ń kán sí i.
Bí méjì bá dára, mẹ́rin ńkọ́? Mo sọ ọ́ di mẹ́rin.
Mo ń gùfẹ̀ ẹja bí ẹni tó sùn sétí odò.

Dókítà Fámurewà, ọmọ Ìfàkì, ọmọdébìnrin tójú rẹ̀ tutù,
lẹ wáyà mọ́ mi láyà bí ẹni ń gún pínnì mọ́ aṣọ.
Ìwé gígùn ń jáde, ìlà ń fò lórí rẹ̀.
Mo ní, "Dókítà, ìrán yìí mà ò dọ́gba."
Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ti mọ̀ ọ́n kà.
Yàrá òkè ọkàn yín ló ń gbọ̀n dípò kó máa fún ẹ̀jẹ̀ jáde.
Kí lẹ̀ ń lò tí a ò kọ fún yín?"
Mo yọ ìgò.

Kò bú mi. Ó fa àga, ó jókòó tì mí.
Ó ní ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń yin epo yìí,
pé ó ń mú ọkàn aláìsàn rìn gúnrégé;
ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò lára ọ̀pọ̀ èèyàn,
nínú àwọn tó ń lo púpọ̀ rẹ̀,
ọkàn àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ségesège.
"Mi ò lè búra pé òun ló ṣe tiyín.
Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ọgbẹ́ àtijọ́ wà níbẹ̀.
Àmọ́ ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Ẹja inú ọbẹ̀ ò ṣẹ̀ yín, ẹ máa jẹ ẹ́."
Ó kọ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì,
ó ní kí n má ṣe fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́.
Télọ̀ lẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ fún!

Télọ̀ ló sì yẹ kó ti mọ̀. Bí epo bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀rọ,
kì í mú un sáré; aṣọ ló ń bà jẹ́.
Mo ti fa Bámitálẹ́ létí nítorí rẹ̀ rí.

Lálẹ́ àná, Morẹ́nikéjì pè. "Bàbá, ṣé ẹ ń lò ó?"
Àyà mi fo ojú kan.
Mo ní, "Ọmọ mi, uyán òní dùn. Ọbẹ̀ ẹja ni mo fi jẹ ẹ́."
Kì í ṣe irọ́.

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ gún hóró kan,
mo kán an sí ìdí ẹ̀rọ, kó má baà ṣòfò.
Láti àárọ̀ ni ológìnní aládùúgbò ti jókòó ti ẹsẹ̀ mi,
ó tẹjú mọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń yí,
ó ń dúró de ẹja
tó ń sáré nínú irin.